Ṣẹ́ẹ̀tì Tí Ó Ń Gbé Lọ sí Ìjan

Ní àdúgbò Fájuyì, lọ́jọ́ òjò kan, ìyàwó ọ̀dọ́ kan ń rojọ́ fún ìyá àgbà kan tí kò mọ̀ rí, bí àwa mẹ́ta ti ń dúró de ẹni tó ń ta ọṣẹ.

"Màmá, gbogbo Sátidé ni ọkọ mi ń di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sí Ìjan, ìlú wọn, kí ìyá rẹ̀ bá a fọ̀ ọ́. Ó ní èyí tí mo bá fọ̀ ń rùn. Ojú ń tì mí."

"Báwo lo ṣe ń fọ̀ ọ́?"

"Mo máa ń rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ mọ́jú, màá sì sá a sínú yàrá nítorí òjò."

"Háà! Omi ọṣẹ tó bá sùn, òun gan-an ló ń rùn. Má jẹ́ kó ju wákàtí kan lọ. Fi omi tó mọ́ ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, kí o sá a sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́."

"Ẹ ṣé, mà. Kò ní gbé e lọ mọ́ láé!"

Ìyá náà fọwọ́ ra apá rẹ̀.

"Ọmọ tèmi náà ń gbé tirẹ̀ wá. Ìyàwó rẹ̀ mọ aṣọ fọ̀ jù mí lọ, èmi tí apá ń dùn. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbé aṣọ wá, kí ni yóò máa mú un wá sọ́dọ̀ mi?"

"Kí ni kí n wá ṣe, mà?"

"Fọ ìyókù. Fi ṣẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ láìfọ̀, kí ìyá rẹ̀ rí nǹkan fọ̀."

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, èmi náà máa ń di aṣọ ìdọ̀tí lọ bá ìyá mi. Kì í ráhùn. Nígbà náà, mo rò pé mo ń rẹ́ ẹ jẹ ni.