Káàdì Kan, Ọmọ Méjì

Náírà márùn-ún! Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́ mi o, náírà márùn-ún péré ni mo mú bọ̀ láti Ẹ̀rúwà lónìí, èmi Fọlábí tí mo fi ọdún mẹ́rin ka ìṣirò ní yunifásítì, wákàtí mẹ́fà gbáko nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn ń ro mí, ojú ń ta mí!

Ẹ̀ẹ́n? Rárá o, n kò ná kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò ó fún yín. Ọjọ́ tí a fẹ́ dá iye owó iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Akínladé, ọ̀gá ọ́fíìsì tó gbéṣẹ́ fún mi, kó káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé mẹ́wàá láti ìlú Tápà fún mi, ó ní kí n fi dánra wò. Mo wo aago. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin fún káàdì kan, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní wákàtí kan, àádọ́rùn-ún lójúmọ́. Mo ní kó san náírà kan lórí káàdì kan. Bí mo bá yọ ogójì náírà ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀, àádọ́ta á kù. Ṣé mo ṣojúkòkòrò?

Wàlàhí, ó tàn mí jẹ! Páálí tó gbé ka iwájú mi láàárọ̀, ti Igbó-Ọrà níbí ni, káàdì àwọn ìyá ìbejì nìkan ni wọ́n ṣà síbẹ̀! Káàdì kan, orúkọ méjì, ìwọ̀n méjì, gbogbo abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ! Márùndínláàádọ́ta ni mo rí tẹ̀. Ẹ yọ ogójì kúrò.

Kí n bá a sọ ọ́ kẹ̀? Mo bá a sọ ọ́! Ó ń ju gúgúrú sẹ́nu, kò tilẹ̀ wojú mi. "Káàdì la jọ sọ, a ò sọ ọmọ. Tó bá pọ̀ jù fún ọ, tẹ Táyé, fi Kẹ́hìndé sílẹ̀."

Kẹ́hìndé! Àgbà nínú wọn! Káàdì tiyín wà nínú páálí yẹn, mo fojú mi rí i. Iye orúkọ tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà ni wọn yóò fi kó abẹ́rẹ́ wá lóṣù tó ń bọ̀. Èwo nínú àwọn méjèèjì lẹ ó gbé padà sílé láìgba abẹ́rẹ́? Ẹ dá mi lóhùn!

Ẹ má ní kí n fi í fún Ọlọ́run o. Mo tẹ gbogbo wọn, méjì méjì, ìyẹn ni mo fi gba náírà márùn-ún.

Lọ́la, Ẹ̀rúwà yá: ẹ pọn ọ̀kan, kí n gbé ìkejì. Ẹ pe Rùkáyàt, òun náà bí ìbejì, ẹ pe gbogbo ìyá ìbejì àdúgbò yìí. Owó ọ̀kadà? Náírà márùn-ún mi nìyí, ẹ gbà á, ẹ wá ìyókù! A ó to àwọn ọmọ náà síwájú tábìlì Akínladé, kó fi ìka ara rẹ̀ tọ́ka sí ọmọ tí kò sí.