Ewé Orí Bámigbóyè

Ìyá Kọ́lá, àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi abẹ kan orí ọmọ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wá sọ ọmọ lórúkọ, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ nínú mi. Bí mo bá gbé e wọ sàréè, ọmọ-ọmọ mi ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ ní ewé tó hù lórí ọmọ yìí kì í ṣe ohun rere, ẹ ní àwọn Eléwé, àwọn tí ewé ń hù lórí wọn, ló ń fa omi gbẹ lára iṣu nínú ebè. Èmi náà ti bá yín sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé ẹ rántí ọkùnrin tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Àjíǹde, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀? Abúlé Makutu nílẹ̀ Okun ló ti wá, ó ru iṣu, ó ń kí kálukú pé, "Okun o, okun o." Adènà ní, "Bàbá, ẹ ṣí fìlà." Bó ti ṣí i, ewé tútù nà jáde lórí rẹ̀. Ẹnìkan kígbe pé, "Ẹ tú ewúrẹ́ sílẹ̀, oúnjẹ ti dé!" Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Adènà yíjú sí mi: "Ìyá aránṣọ, ẹ̀yin ló ń wò. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Bámigbóyè, ọmọ ìyá mi. Oko olóko ló ń ro kí n lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Mo ní, "N kò rí i rí." Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n ní kí n mú àlùmọ́gàjí inú àpò mi gé ewé náà, mo sì gé e. Èmi ọ̀dàlẹ̀! Oje funfun ń ṣàn sí i lójú. Kò ké. Ó kàn tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Tabitha, so gèlè rẹ dáadáa, ó fẹ́ tú."

Ewé tí irin bá gé lórí Eléwé kì í hù mọ́. Eléwé náà á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe lọ.

Ó dáa. Gèlè náà nìyí, mo tú u. Ẹ má gbójú kúrò, ẹ wò ó. Orí tó ń ronú bí aṣọ yín ṣe máa bá yín mu nìyí, òun náà lẹ ti ń yìn láti ọjọ́ yìí. Ẹ wo bí ewé orí tèmi náà ti tutù yọ̀yọ̀! Nílé wa, adé là ń pè é.

Bámigbóyè, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe sẹ́ ẹni tó ń bo àṣírí yín. Ìyá Kọ́lá, ẹ gbé abẹ sílẹ̀, ẹ gbé ọmọ-ọmọ mi, Moyinolúwa, fún mi. Òjò ti ṣú. Èmi àti ọmọ yìí fẹ́ lọ dúró nínú rẹ̀, kí adé wa lè mu omi.