Ọwọ́ Tí Wọ́n Nà Sókè

Ìwọ Èjìwùmí, o wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin tó wa ọkọ̀ gbé mi wá wà níbẹ̀, ó fara ti ilẹ̀kùn, ó ń jẹ bisikíìtì. Káfíńtà kan wà níbẹ̀, àti nọ́ọ̀sì tó ti ibi iṣẹ́ wá láì bọ́ aṣọ funfun, àti àwọn ọ̀dọ́ tó kún bẹ́ǹṣì iwájú. Gbogbo kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tí o ń kọ́ nírọ̀lẹ́ ní yunifásítì ló pé lọ́jọ́ tí o fi èmi ìyá bàbá rẹ ṣẹ̀sín. Má tíì jiyàn. Jẹ́ n sọ ọ́ tán.

Ṣé mo dá ara mi pè ni? Ìwọ lo ní kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, pé wọn kì í sọ ọ́ nílé wọn, kí wọ́n rí àgbà tóun náà jókòó kọ́ ọ. Inú mi sì dùn. Nínú ẹbí yìí, ta ló ń gbẹnu sọ fún gbogbo yín níwájú dókítà tí kò gbọ́ èdè wa?

Mo dìde, mo ń sọ bí bàbá àgbà rẹ ṣe fẹ́ mi, bó ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé mi láti ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ ò tíì jìnnà tí káfíńtà fi nawọ́ sókè. Mo rò pé ó ń kí mi ni, mo juwọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì nawọ́, mo juwọ́ sí òun náà. Kí n tó ṣẹ́jú, ọwọ́ ti kún yàrá, èmi náà ń juwọ́, mò ń rẹ́rìn-ín, mo tún ń fi kún ọ̀rọ̀ mi torí mo ní wọ́n ń gbádùn mi. O rí mi, o sì jókòó, o ń wò mí.

Inú ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti wá là mí lọ́yẹ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní díẹ̀díẹ̀ lo ń kọ́ wọn. Lóṣù yìí, bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó ti kọjá ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni, àṣìṣe yòókù á dúró di ọjọ́ tirẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já lu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àṣìṣe oṣù yìí, kó ṣáà nawọ́, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ padà tún un ṣe. Mo ní ṣé èmi ni wọ́n wá nawọ́ sí bẹ́ẹ̀?

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ni, Màmá."

Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, ilẹ̀ ò dá mi lóhùn. Mo fi ìborùn bojú títí a fi délé. Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ èmi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló ṣe díẹ̀díẹ̀ fún mi? Mo gbọ́, o ò fẹ́ dá mi dúró lójú wọn. O ṣeun. Wọ́n kúkú rí mi.

Àwọn tó nawọ́ gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́bàá fèrèsé tí kò nawọ́ rárá. Mo rò pé kò fetí sí mi ni, mo tiẹ̀ fojú bá a wí. Ṣé kò gbọ́ àṣìṣe ni? Kí lo wí? Òun ló mọ̀ ọ́n jù nínú wọn?

Àánú mi ló ṣe é nìyẹn.

Ó dáa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí o bá ń lọ, mò ń bá ọ lọ, torí ìtàn bàbá àgbà rẹ ò tíì tán. Sọ fún ọmọ yẹn, Èjìwùmí, pé mo ní tí mo bá tún ṣì í sọ, kó nawọ́ bíi tàwọn yòókù, kó sì nà án dáadáa, ojú mi ò ríran jìnnà mọ́.