Lọ́fínńdà Tó Tú Àṣírí Imú Mi

Kí lo mọ̀ nípa lọ́fínńdà, àbúrò mi? Sọ ọ́ kí n gbọ́. Ó ń ta sánsán, àbí? Ó tán? Ó dáa, jókòó, kí n kọ́ ẹ ní èyí tí wọn ò kọ sára páálí rẹ̀.

Èyí tí o rà fún mi yìí, tí owó rẹ̀ tó ra fìríìjì, mi ò bú u o. Lọ́jọ́ Ajé tí mo kọ́kọ́ fọ́n ọn sọ́rùn, háà! Bí òdòdó tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, bí atẹ́gùn etí òkun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òdòdó lọ, ó ku omi. Lọ́jọ́rú, omi náà gbẹ. Mo ní wọ́n ti lu àbúrò mi ní jìbìtì, mo wá ń fọ́n ọn bí ẹni tó ń bomi rin ọgbà!

Mo wọ láàbù kẹ́mísírì lánàá láti kọ́ni, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bo imú. Mo ní irú ìwọ̀sí wo nìyí, lọ́fínńdà olówó ńlá lẹ ń bomú sí? Mo ní kẹ́nikẹ́ni má dìde. Ọ̀kan ń wúkọ́, mo ní kó yéé ṣeré. Omi ń bọ́ lójú èmi náà pòròpòrò, mo ní ìbínú ni! Olúwa mi o, ìbínú ni mo pè é! Àṣé ìgò àmóníà, kẹ́míkà tí òórùn rẹ̀ ń ta imú àti ojú bí ata, ló wà ní ṣíṣí lẹ́yìn mi, èyí tí èmi fúnra mi gbàgbé láti dé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbóòórùn rẹ̀, ó ń pariwo "Ẹ jáde!", èmi dúró gbagidi, mò ń bi í pé kí ló dé, sà. Ọmọ tó ń wúkọ́ yẹn, gbígbé ni wọ́n gbé e jáde. Ara rẹ̀ ti yá o, ṣùgbọ́n nígbà tó rí mi láàárọ̀ yìí, ńṣe ló sá.

Má sọ pé ọ̀fìnkìn ni. Ṣé mo sín? Ìwọ lo gbé lọ́fínńdà yìí wá! Kó o tó gbé e wá, imú mi pé... Àbí kò pé? Ìgbà wo ni mo gbóòórùn ọbẹ̀ mi gbẹ̀yìn? O rí i, mi ò rántí. Yéè! Bóyá ó ti ń lọ tipẹ́, tí ìgò yìí kàn tú àṣírí. Èmi nìkan ni mò ń gbé, gáàsì ni mo fi ń dáná. Bó bá jò, ta ni yóò bá mi gbóòórùn rẹ̀?

Má bẹ̀ mí. Wọ ilé ìdáná. Má mú àlùbọ́sà, yóò ta mí lójú, ojú á sì ṣòfófó fún mi. Agolo kọfí ni kó o ṣí. Màá dijú. Má sọ̀rọ̀, má jẹ́ kó kàn mí; gbé e sábẹ́ imú mi, kó o ka ení, èjì, ẹ̀ta sínú. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Bí mi ò bá dárúkọ rẹ̀, wọ bàtà rẹ, ilé ìwòsàn yá.

Mo ti dijú o. Gbé e bọ̀.

Kí lò ń dúró dè? Gbé e sún mọ́ mi.

Àbúrò mi? Àbí ó ti wà níbẹ̀?