Máàkì Télọ̀ Tí Mo Gbé Pamọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi, torí tí ẹlòmíràn bá bá mi sọ ọ́, kò ní dùn létí. Èmi ni mo gbé máàkì Télọ̀ pamọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ èṣù o. Èṣù gan-an ì bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó jókòó kó tó bínú, kó má baà rẹ̀ ẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ni mo ti ń tún redíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe. Tí wọ́n bá ní kí ayé mú ẹni méjì tó mọ wáyà jù, èmi ni ẹni àkọ́kọ́, èmi náà ni ìkejì. Ní yàrá ẹ̀yìn, lábẹ́ àwọn fáànù tó ti kú, ni mo ti rí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé nígbà tí àwọn òbí wa ṣì kéré. Bọ́tìnnì rẹ̀ ti pọ́n bí eyín amusìgá. Mo jí i dìde, mo fi kásẹ́ẹ̀tì gbé géèmù ọkọ̀ òfuurufú wọ inú rẹ̀, ni gbogbo ọ̀dọ́ àdúgbò bá kó wọ ṣọ́ọ̀bù wa.

Àmọ́ iyè ẹ̀rọ yẹn kúrú. Tí iná bá ti lọ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ohun tó mọ̀ ti di òfo. Kódà tí géèmù bá há, tí a tẹ bọ́tìnnì tó ń mú un bẹ̀rẹ̀ padà, máàkì gbogbo wa á pa rẹ́, ìjà á bẹ̀rẹ̀. “Èmi ni mo gbà jù!” “Ta ló rí ẹ?” Èmi ni mo dá ọgbọ́n sí i. Mo ṣàkíyèsí pé bọ́tìnnì yẹn kì í gbálẹ̀ dé gbogbo ilé. Igun kékeré kan wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ibi tí ọ̀rọ̀ tó ń lọ sínú kásẹ́ẹ̀tì máa ń gbà kọjá. Ìgbálẹ̀ kì í débẹ̀. Ohun tó o bá fi síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí iná ò bá ti kú, wàá bá a níbẹ̀. Kò gbà ju orúkọ mélòó kan àti máàkì wọn. Orúkọ mi ló wà lókè, ó sì ti wọ̀ mí lára bí awọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò lé gbogbo èèyàn sílé. Télọ̀ nìkan ló yà wọlé, tépù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni.

“Ọ̀gá Pátápátá, jẹ́ n gbá a wò.”

“Télọ̀, abẹ́rẹ́ ni mo mọ̀ ẹ́ mọ́ o. Má fi ọwọ́ òsì ba ẹ̀rọ mi jẹ́.”

Ó gbá a. Ẹyọ kan péré ló fi jù mí lọ. Irọ́ ni! Ẹ ẹ̀ rí ẹnu mi yìí? Ìlọ́po méjì máàkì mi ló gbà. Ó fò sókè, ó sáré bọ́ sínú òjò: “Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wò ó o!” Kí wọ́n tó dé, mo ti yọ tiẹ̀ kúrò lókè, mo dá tèmi padà síbẹ̀.

Ó wo ojú mi. “Jọ̀ọ́, sọ fún wọn.”

“Kí n sọ kí ni? Àfi tí òjò bá ti wọ̀ ẹ́ lójú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Máàkì-ò-sí.

Tó bá mọ síbẹ̀ ni, mi ò ní da yín láàmú. Èyí tó burú jù ń bọ̀. Télọ̀ àti ọmọ Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta oògùn, ti ń fẹ́ra wọn. Nígbà tí Télọ̀ wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá, Bàbá ní, “Ẹni tó lè purọ́ lórí ohun ìṣeré, kí ló fẹ́ sọ fún ọmọ mi lórí ohun gidi?” Ó wá yíjú sí mi. “Ìwọ wà níbẹ̀. Ṣó gbà á àbí kò gbà á?”

Mo ní, “Bàbá, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn.”

Bàbá ní òun ò gbà. Ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń pọ̀n mí nígbà tí mo wà ní kékeré, gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Orí tèmi tó máa ń wú yìí wá kéré bíi kóró àgbàdo!

Àmọ́ mi ò pa máàkì yẹn rẹ́ o. Mo tì í sí ìsàlẹ̀ igun yẹn, níbi tí kò ti lè hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹnu mi lè purọ́, ṣùgbọ́n ojú mi mọ iṣẹ́ gidi, ó dùn mí láti pa irú ẹ̀ rẹ́. Mi ò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà kú mọ́. Tí iná bá fẹ́ máa ṣe ségesège, mo ti gbé bátìrì mọ́tò tì í.

Nígbà tí mo gbọ́ pé Télọ̀ ti ń di máṣínnì rẹ̀ láti kó kúrò ládùúgbò, mo pe òun, Bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi jọ sí ṣọ́ọ̀bù. “Ẹ jókòó, ẹ fojú yín rí òótọ́.” Mo tan tẹlifíṣọ̀n. Òfo. Mo fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ó tutù.

“Ta ló pa á?”

Bàbá ní, “Èmi ni. Mọ́tò mi ò ṣíná láàárọ̀, mo yọ bátìrì tí ẹ̀rọ yẹn ń lò.”

Áà! Mo ti débẹ̀, mi ò lè padà mọ́. Mo fi ẹnu lásán sọ gbogbo rẹ̀, láìsí ẹ̀rí kankan. Télọ̀ sorí kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ta ló máa gbà ẹ́ gbọ́?”

Ni Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ tó o ní o gbá bọ́ọ̀lù débi tó fi kan òṣùpá, láti ọjọ́ tí mo ti ń tọ́ ọ, ṣé o ti sọ ọ́ rí pé ẹnì kan nà ọ́?”

“Ká má rí i.”

“Irọ́ tìẹ kì í wálẹ̀, òkè ló ń lọ. Èyí tó rẹ̀ ọ́ sílẹ̀ yìí, òótọ́ ni.” Ó yíjú sí Télọ̀. “Ọmọ mi, má bínú sí mi. Lọ tú ẹrù ẹ.”

Télọ̀ nìkan ni mo dọ̀bálẹ̀ fún, ó sì ní kí n dìde, pé aṣọ tóun rán ni mo fi ń gbálẹ̀ yẹn. Mi ò ní bẹ àdúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ pè é ní Máàkì-ò-sí, ta ló tì yín? Ẹ lọ bẹ òun. Ẹ̀yin ọmọ kéékèèké, ẹ máa fọ́nnu bó ṣe wù yín, ẹnu yín ni. Ẹ má sáà ti gun orí ẹlòmíràn kẹ́ ẹ tó ga. Máàkì tèmi náà bá iná lọ. Òdo ni gbogbo wa wà báyìí. Ẹ wá gbá a. Ọwọ́ òsì ni mo máa fi gbá tèmi, gbogbo yín ni mo sì máa nà, àyàfi Télọ̀.