Ẹni Tó Dí Imú Ẹ́ńjìnnì Mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì gbé omi kọfí kaná, ẹ má tíì béèrè àlàáfíà mi, ẹ fi ìyẹ̀fun tí ẹ ń pò yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ jókòó, torí wọ́n ti ṣe mí níkà! Wọ́n ti fojú mi gbolẹ̀! Odindi oṣù mẹ́rin ni ọ̀dájú kan fi ń ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́, tó jẹ́ kí n máa bá gbogbo abúlé jà, tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ sí ọkọ yín bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Mo fi Ìyá Olúwa búra, ẹni náà ò ní ojútì rárá!

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò tíì mọ ẹni tó jẹ́, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín.

Ó dáa. Ẹ mọ píkọ́ọ̀pù mi, àbí? Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ọdún méjìdínlógójì ló ti ń mu dísẹ̀lì, tó ń gbé ólífì wa lọ sí ẹbu tí wọ́n ti ń fún òróró, kò já mi kulẹ̀ rí. Òun ló gbé èmi àti Kalliópi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, òun náà ló gbé e lọ sí ọsibítù ní Kalamáta tí kò ti bọ̀ mọ́. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n tà á.

Oṣù kẹsàn-án ni mo jí tí mo rí ọ́ìlì nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò ju ẹnu ife lọ. Mo ní kò burú. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti tó àwo ọbẹ̀. Ológbò mi gba ibẹ̀ kọjá, ó fi ẹsẹ̀ dúdú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ gbogbo àkàsọ̀ mi dé orí bẹ́ẹ̀dì! Mo kọ́kọ́ ní ẹni tó ta ọ́ìlì fún mi ló ta ayédèrú. Mo lọ bá a jà. Lẹ́yìn náà mo ní abọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló ń jò, mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo tú u, mo pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọ́ìlì dà sí mi lójú, ó dà sí mi lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ́ìlì àlòkù ṣe ń rí lẹ́nu, kó wá bi mí, ó dà bí sàrdín tó ti kú lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀ mọ́, ó tún ń jò.

Ni mo bá wá bá ọkọ yín. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù fún ọjọ́ méjì nítorí mi, wọ́n sọ gíáàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, òrùka róbà tó ń dá ọ́ìlì dúró. Ẹ rántí ohun tí wọ́n bi mí? Wọ́n ní, “Argíris, ẹ̀yìn ni ọ́ìlì yìí ń gbà jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan kan ló ń tì í látinú. Ṣé o fọwọ́ kan nǹkan kan lókè?” Èmi wá sọ pé kí ni? Mo ní, “Èmi kẹ̀? Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan.” Wọ́n fẹ́ wo òkè náà fúnra wọn. Mo ti bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn lójú, ó kù díẹ̀ kó gbá wọn níka! Mo ní ólífì ń dúró dè mí. Ólífì! Bí ẹni pé ólífì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá lọ.

Ọjọ́ kẹta, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo mọ̀, mo mọ̀, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí ilé kọfí Stavrúla, níwájú gbogbo ọkùnrin abúlé yìí, mo la ẹnu mi gbàgà nípa ọkọ yín, mo ní, “Ojú Pródromos ti lọ, ọwọ́ rẹ̀ ti kú.” Mi ò tiẹ̀ fi “wọn” kún un, “rẹ̀” ni mo là mọ́lẹ̀. Wọ́n sì wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọ́n ń ta táfli, eré orí ọpọ́n bí ayò. Wọ́n pa ọpọ́n náà dé jẹ́ẹ́, wọ́n dé fìlà, wọ́n jáde. Ọjọ́ kejì, àgádágodo wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣì ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ sí mi pé wọ́n ti kó gbogbo sípánà wọn jọ, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, wọ́n wá ń gbé ọwọ́ wọn síwájú iná lálaalẹ́, wọ́n ń wò ó. Mo kà á, mo ní kí wọ́n máa wò ó. Háà! Èmi yìí!

Ẹ gbọ́ ti àná ná. Ara mi ò gbà á mọ́, gálọ̀nù ọ́ìlì ti di èrò ọkọ̀ mi, mò ń gbé e káàkiri bí ọmọ. Mo fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́ tónítóní, mo nù ún gbẹ, mo mú pàúdà ọmọ-ọmọ mi, mo fọ́n ọn sí i lára, ẹ́ńjìnnì funfun bí ẹni tó fẹ́ lọ gba ìrìbọmi. Mo tan ẹ́ńjìnnì náà. Mo ní ibi tí pàúdà bá ti kọ́kọ́ dúdú, ibẹ̀ ni olè náà wà. Ẹ̀gbọ́n, ibi mẹ́ta ló dúdú pọ̀! Ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, abẹ́ ìdérí òkè. Ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì wá ń dìde fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ọrùn adìyẹ tó gbọ́ ariwo. Ẹ̀rù bà mí. Mo ya àmì àgbélébùú.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Róbà kan wà níbẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Ẹ́ńjìnnì ń mí, ẹ̀gbọ́n mi, bí èmi àti ẹ̀yin. Bí èèyàn bá dí ibẹ̀, èémí á há sínú, á wá máa ti ọ́ìlì gba ojú ihò tó bá rí. Kí ni mo rí lẹ́nu róbà náà? Èdídí ìgò wáìnì! Wọ́n kì í bọ̀ ọ́ tipátipá, wọ́n tún wá fi wáyà dè é kó má bàa fò yọ. Inú bí mi! Mo kígbe, “Òmùgọ̀ wo ló ṣe èyí? Ẹni tó dí imú ẹ́ńjìnnì mi, kí imú tirẹ̀ náà dí! Kí ọwọ́ tó lọ́ wáyà yìí máa gbọ̀n tó bá fẹ́ mu ọbẹ̀!”

Mo wá wo bí wọ́n ṣe lọ́ wáyà náà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi lọ́ ọ.

Ta ló ń lo ọwọ́ òsì ní abúlé yìí, ẹ̀gbọ́n? Ẹ dárúkọ ẹlòmíràn, mo bẹ̀ yín. Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo.

Ó kàn ṣàdédé yọ sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ, ọjọ́ àjọ̀dún Ìyá Olúwa, èmi ni mo gbé bàbá àlùfáà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè, èéfín ọ́ìlì ń wọlé látinú róbà yẹn, bàbá ń wúkọ́, irùngbọ̀n wọn ń mì, ojú ń tì mí. Mo páàkì, mo rí èdídí ìgò kan nílẹ̀ ọkọ̀, mo kì í bọ̀ ọ́, mo dè é, mo ní ọgbọ́n dé. Mo sì gbàgbé. Ọ̀daràn tí mo ń wá láti oṣù kẹsàn-án, ilé mi ló ń sùn, ṣòkòtò mi ló ń wọ̀! Láti àná ni imú mi ti dí, ẹ ò gbọ́ ohùn mi ni? Ṣé èpè téèyàn ṣẹ́ fún ara rẹ̀ ṣeé gbà padà?

Mo fà á yọ, ó dún pọ̀ọ́, èéfín tú jáde, ibi méjì dáwọ́ jíjò dúró lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n síìlì tuntun tí ọkọ yín fi sí i ti bàjẹ́. Iṣẹ́ wọn dára, èmi ni mo fi èémí bẹ́ ẹ. Mo sáré wá síbí lánàá, ẹ ti lọ sóko. Mo dúró lábẹ́ fèrèsé, mo ṣàlàyé. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n ní, “Wá ẹlòmíràn, Argíris. Ọwọ́ mi ti kú.” Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ o. Wọn ò bínú. Wọ́n gbà á gbọ́! Ìyẹn ló pa mí. Kí wọ́n lù mí ì bá sàn.

Lówùúrọ̀ yìí, mo lọ sí ilé kọfí Stavrúla, mo dúró láàárín gbogbo wọn, mo gbé èdídí náà sókè, mo ní, “Èmi ni. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ Pródromos, èmi ni orí mi kú.” Stavrúla wá ní, “Argíris, wáìnì pupa ni àbí funfun?” Yéè! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi ṣubú lórí àga. Wọ́n ti ń pè mí ní Èdídí, ó sì tọ́ sí mi.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ohun tí mo wá gbà. Mo ti gbé píkọ́ọ̀pù náà dí ẹnu géètì yín. Mo mọ̀ pé ó ń kán sílẹ̀, màá fọ̀ ọ́. Mi ò ní gbé e kúrò títí ọkọ yín yóò fi jáde wá bú mi. Mi ò ní kí wọ́n tún un ṣe. Èébú ni mo fẹ́! Kí wọ́n bú mi bí wọ́n ṣe ń bú mi kí n tó di àgbàyà, kí n lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láàyè.

Kí lẹ ń nàka sí lójú fèrèsé? Mi ò fẹ́ wo nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ni mò ń bá yín sọ.

Ẹ dúró ná. Ẹsẹ̀ ta nìyẹn lábẹ́ ọkọ̀ mi? Ẹ̀gbọ́n, sálúbàtà inú ilé ni wọ́n wọ̀ jáde nínú òtútù yìí! Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ṣí i kíá. Kí ni wọ́n ń wí? “Òpònú, ọ̀dọ̀yọ̀, orí àgùntàn!” Ẹ gbọ́? Orí àgùntàn! Háà, háà, háà! Ẹ má pa fèrèsé dé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú mi lọ.