Irọ́ Tí Mo Pa Lórí Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kẹ́ ẹ jókòó. Ẹ má po tíì fún mi, ẹ má sì bi mí pé ara ńkọ́. Dókítà ti sọ fún yín, ó ti sọ fún èmi náà: ọkàn mi ti rẹ̀, kò lè gbé mi dé ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ti há mi lọ́fun fún ọdún mọ́kàndínlógún bí egungun ẹja, kò wọlé, kò jáde. Ìyá yín tó jẹ́ àbúrò mi, ẹ̀yin rò pé òtútù ilẹ̀ àjèjì ló pa á. Òtútù kọ́. Èmi ni. Ẹ má pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó bú mi, torí mo mọ ara mi: tẹ́ ẹ bá dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, màá tún wá irọ́ mìíràn pa.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ìrìn àjò yẹn. Kẹ́ ẹ tó gbọ́n, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ránṣọ fún obìnrin àjèjì kan tó ti orílẹ̀-èdè ńlá yẹn wá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èdè wọn, tí mo sì mọ̀ ọ́n kà. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri yàrá ìránṣọ rẹ̀, wọ́n ya ọkọ̀ ojú irin gígùn kan síbẹ̀ tó ń gba inú igbó tí yìnyín bò kọjá. Obìnrin náà ní ọjọ́ mẹ́fà ni ọkọ̀ yẹn fi ń rìn láti etí òkun kan dé etí òkun kejì, kò sì ní kúrò nínú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyá yín, ojú rẹ̀ tàn. Tíṣà ni, ẹ ṣáà mọ̀. Tíṣà Àgbáyé làwọn ọmọ iléèwé ń pè é, torí kò sí odò tàbí òkè kan lórí máàpù tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá fẹ̀yìn tì, àwa méjèèjì la jọ máa wọ̀ ọ́." Mo ní, "Ó di dandan."

Ó fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Ló bá ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́, á tẹ́ máàpù sórí tábìlì tí mo fi ń géṣọ, á máa fi ṣọ́ọ̀kì mi fa ọ̀nà. Ó ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀: ibi tí èèyàn á ti rí omi gbígbóná, ibi tí ọkọ̀ ò ti ní dúró ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ibi tí a ti máa pààrọ̀ ọkọ̀. Ó di ẹrù sínú àpótí, ó tú u, ó tún un dì. Mò ń ránṣọ, mò ń gbọ́, inú mi ń dùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kí n lọ tò sórí ìlà, mo sì bú u débi tí ọ̀gá rẹ̀ fi jáde. Ìyá yín bẹ̀ wọ́n, a sì padà sí ṣọ́ọ̀bù láìra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Èmi nìkan ni màá lọ."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà mọ ara yín. Ẹ máa bá gbogbo èrò ọkọ̀ jà kó tó di ibùdókọ̀ kejì. Ọjọ́ mẹ́fà ni o! Mi ò lè máa bẹ èèyàn nítorí yín fún ọjọ́ mẹ́fà." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, kó lè dà bí àwàdà. Òótọ́ ló sọ. Ta ni nínú ẹ̀yin tó jókòó yìí tí mi ò tíì bá jà rí? Èmi náà rẹ́rìn-ín, eyín mi funfun, àmọ́ inú ń bí mi. Àlá mi ló gbà lọ, ó tún ní mi ò yẹ lẹ́ni tó ń bá a lá a.

Ìwọ àkọ́bí, ìwọ lo padà lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, tó o mú un wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù mi. Èdè wọn ló wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀. O lọ síbi iṣẹ́, ìyá yín sì gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ bá mi kà á." Mo ka ọjọ́, mo ka nọ́ńbà ìjókòó, gbogbo rẹ̀ ni mo kà bó ṣe wà. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ pé, "Gbogbo àkókò tó wà níbí, aago olú-ìlú ni." Orílẹ̀-èdè yẹn fẹ̀ débi pé aago kan ò kárí rẹ̀. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní olú-ìlú, aago méjìlá ọ̀sán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní ìlú tí ìyá yín ti máa pààrọ̀ ọkọ̀. Ẹni tó bá ń wo aago ara ògiri ìlú náà, ọkọ̀ á ti lọ fún wákàtí mẹ́rin kó tó dé. Ó fi ìka tọ́ lẹ́tà wẹ́wẹ́ yẹn. "Èyí ńkọ́?" Mo wò ó lójú kòrókòró. Mo ní, "Wọ́n ní kí èrò má yọ orí síta lójú fèrèsé." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mo dúró, mo wò ó bó ṣe ń kọ ọ́.

Mo sọ fún ara mi pé ìyà díẹ̀ ni. Ọkọ̀ á fi í sílẹ̀, á há sílùú onílùú, á ní, "Ká ní mo mú Ẹ̀gbọ́n mi dání ni." Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ kò ju ìyẹn lọ. Ó dé orílẹ̀-èdè náà, òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó sùn sí ló mú un wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Kó tó wọ̀ ọ́, ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra láàárọ̀ yìí. Àbí wọ́n ti yí àkókò padà ni?" Àyè nìyẹn fún mi láti ṣàtúnṣe. Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ kẹta ìrìn àjò rẹ̀, mò ń rán kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ nígbà tí fóònù ṣọ́ọ̀bù dún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ ti lọ!" Ó ní òun ti gbé àpótí fáwọn tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, òun sì jáde lọ wo adágún odò ìlú náà, torí òun rò pé àkókò ṣì pọ̀. "Oògùn mi, kóòtù òtútù mi, pásípọ́ọ̀tù mi, gbogbo rẹ̀ ló bá a lọ." Ẹ sì mọ̀ pé láti kékeré ni ikọ́ fée ti ń bá a jà, èémí rẹ̀ kì í bá òtútù rẹ́. "Ọ̀gá ibùdókọ̀ rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a ò gbọ́ra wa yé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà gba fóònù. Ó sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, "Ìyá, obìnrin kan wà níbí tó ní ẹ̀gbọ́n òun ni yín. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, òfin ò sì gbà mí láyè láti fún ẹni tí mi ò mọ̀ ní yàrá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, tẹ́ ẹ sì jẹ́rìí sí i, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Á wà nílé àwọn òṣìṣẹ́, ibẹ̀ móoru, títí ọkọ̀ mìíràn á fi dé ní ọ̀túnla."

Kí n ṣáà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi ni." Ọ̀rọ̀ yẹn àti orúkọ rẹ̀ péré ló ń retí. Mò ń gbọ́ ìyá yín lẹ́yìn rẹ̀ tó ń sọ pé, "Ẹ sọ fún un, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún un." Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé èmi oníjà, èmi tí wọn ò lè bá wọkọ̀, èmi náà ni wọ́n wá ń bẹ. Mo fi èdè wọn dá ọkùnrin náà lóhùn, ó já gaara: "Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ ti ṣi nọ́ńbà pè." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ó tún dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fa wáyà rẹ̀ yọ, mo sì rán kọ́là yẹn parí. Ẹ má bá mi wá àwáwí. Mo ti wá a títí, kò sí.

Lọ́jọ́ kejì mo so wáyà padà. Kò dún mọ́. Orí bẹ́ǹṣì ìta ibùdókọ̀ náà ni ìyá yín wà fún ọjọ́ méjì, pẹ̀lú súwẹ́tà kan péré. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọsíbítù, èémí ti ń há. Ọjọ́ karùn-ún ìrìn àjò náà ló kú.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni mo ṣe fún ọ, àkọ́bí. Lójú gbogbo ẹbí ni mo ti nàka sí ọ: "Ìwọ lo ra tíkẹ́ẹ̀tì, o ò sì bèèrè àkókò dáadáa!" O wó lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, o ní kí n dárí jì ọ́. Èmi! Mo sì gbé ọwọ́ lé ọ lórí, mo ní mo ti dárí jì ọ́. Lẹ́yìn náà o lé ọkùnrin tó fẹ́ fi ọ́ ṣaya, o ní ọwọ́ tó pa ìyá rẹ̀ ò yẹ lọ́wọ́ tó ń gbé ọmọ. Mo wà níjókòó lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ọ, mo sì mu omi mi.

Jókòó. Mo mọ̀ pé o fẹ́ jáde, àmọ́ ó ku ẹyọ kan. Lẹ́tà tó wá lóṣù kejì lẹ́yìn ikú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, mo kà á sí yín létí pé, "Ó sùn lọ ní àlàáfíà, kò sọ ohunkóhun." Irọ́ ni. Òun rèé lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹ wá ẹlòmíràn tó máa kà á fún yín, ẹ má gba ẹnu mi gbọ́. Nọ́ọ̀sì náà ní wọ́n rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbọ́ èdè wa, òun ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá yín. Inú ń bí gbogbo wọn sí obìnrin tó dáhùn fóònù, ìyá yín ló ń bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí wọ́n má bínú sí ẹ̀gbọ́n òun, ariwo máṣíìnì ìránṣọ ni kò jẹ́ kó gbọ́ràn. Ó ní kí wọ́n tún pè mí lọ́la, pé tí mo bá ti lè dá ohùn òun mọ̀, màá wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì kéré, tí ẹni yín bá ṣẹ̀ yín, ẹ bú u lójú ara rẹ̀. Ẹ pariwo, kí ará ilé kejì gbọ́, kí wọ́n wá bá yín parí ìjà. Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn burú ju gbogbo èébú tí mo ti bú èèyàn rí lọ.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, pàápàá ìwọ àkọ́bí. Tẹ́ ò bá fún mi, ẹ ò jẹ̀bi. Àmọ́ orúkọ ìlú náà àti nọ́ńbà ibojì rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yẹn, ẹnìkan nínú wa ò sì tíì débẹ̀ rí. Ẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún un pé kò sí ariwo kankan. Ẹ ní mo gbọ́ ohùn rẹ̀.